Iná Mọ́kànlá ní Òkè-Ìrápá

Ní ọdún 1974, nígbà tí àwọn ará Òkè-Ìrápá kó ẹrù wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí ojú títì, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ lókè. Kì í ṣe arọ, kì í ṣe wèrè, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ọmọ ìlú kankan kò fẹ́ ṣe, òun kì í sì í ṣe ọmọ ìlú.

Ernest Ọláníran ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìyàrá ni, ní ilẹ̀ Ìjùmú, ilé mímọ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 1946 ló kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ Bùnù, nígbà tí baálẹ̀ Òkè-Ìrápá, Bámgbóṣé, ránṣẹ́ pè é pé kó wá tún ògiri àkódì òun ṣe. Ó tún un ṣe. Ilé kejì pè é, ilé kẹta pè é. Nígbà tí yóò fi rántí ilé, ìyá rẹ̀ ti kú ní Ìyàrá, àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ sì ti pín ilẹ̀ láìdá tirẹ̀ sí. Bó ṣe di ará Òkè-Ìrápá nìyẹn, lójú ara rẹ̀. Lójú àwọn onílé, Ará Ìyàrá ni. Ohun tí wọ́n ń pè é nìyẹn fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tó dé náà ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kà á sí àfojúdi.

Ilé mọ́kànlá ló wà lókè náà, ilé gidi, kì í ṣe ahéré. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó sá gun òkè nígbà tí àwọn Tápà ń gẹṣin kó ènìyàn ní ilẹ̀ yẹn, ìbẹ̀rù wọn sì hàn lára ohun tí wọ́n kọ́. Ògiri nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ méjì. Ẹnu ọ̀nà há, ó sì rẹlẹ̀, débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba, kí ẹni tó wà nínú ilé lè rí ọrùn rẹ̀ kó tó rí ojú rẹ̀. Ògiri ilé kan so mọ́ ti èkejì. Láti òkèèrè, bí odi kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Nígbà tí òyìnbó dé, ó fi ọ̀kan nínú wọn ṣe kóòtù. Nígbà tí ìjọ dé, yàrá kan nínú òmíràn ló jẹ́ ilé ìwé fún ọdún mẹ́ta. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ìlú náà rí, inú ilé mọ́kànlá wọ̀nyí ló ti ṣẹlẹ̀.

Ilé amọ̀ tí a kò dá iná sí, ikán ló ni ín. Èéfín ló ń lé ikán kúrò lára igi àjà, òun ló ń gbẹ ọ̀rinrin ara ògiri. Gbogbo ilẹ̀ Okun ló mọ èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ará Òkè-Ìrápá fi tiwọn kún un. Wọ́n ní iná ilé kọ̀ọ̀kan ti ń jó láti ìgbà ogun Tápà, kò sì kú rí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a fi eérú bò ó; bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a tú u, wọn a fi igi sí i. Iná ilé kan kò gbọ́dọ̀ wọ ilé kejì. Kò sì gbọ́dọ̀ sọdá odò Ìrápá tó wà ní ẹsẹ̀ òkè. Bí àlejò bá pẹ́ láàárín wọn tó sì hùwà dáadáa, baálé kan lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹyin iná fún un, lójú gbogbo ilé, kó fi dá ààrò tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ti di ọmọ ìlú. Wọn yóò pín ilẹ̀ fún un. Bó bá kú, àárín wọn ni wọn yóò sin ín sí. Ẹni tí wọn kò bá fún, àlejò ni títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun.

Yàrá kan lẹ́yìn àkódì Bámgbóṣé ni Ernest ń gbé. Ṣáná ló fi ń dá iná ọbẹ̀ rẹ̀.

Ìjọba Kwara ní Ìlọrin ló ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe tipátipá. Wọ́n kàn sọ fún wọn pé omi ẹ̀rọ kì í gun òkè, pé ilé ìwé tó bá wà lójú títì ló ń rí olùkọ́. Ìyẹn ti tó. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan, ogún ilé onípáànù ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Kàbà. Ohun kan ló kù tó ń kọ wọ́n lóminú. Àwọn ìlú tó yí wọn ká ti ń fi ojú sí ilẹ̀ òkè náà. Bí ilé mọ́kànlá yẹn bá wó, kí ni wọn yóò nawọ́ sí pé ẹ̀rí àwọn nìyí? Wọn kò sì lè gbé iná sọdá odò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í.

Bámgbóṣé pe Ernest sí àkódì. Gbogbo baálé ló jókòó.

"Ará Ìyàrá," ni baálẹ̀ wí, "ìwọ lo mọ ara àwọn ilé yìí ju àwa tí a ni wọ́n lọ. Bá wa tọ́jú iná. A gbọ́ pé àwọn akọ̀wé ìjọba ń ti Ìlọrin káàkiri, wọ́n ń kọ àwọn ilé àtijọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ tiwa tán, ọwọ́ ara mi ni n ó fi bu ẹyin iná ilé mi fún ọ."

"Baba, ṣé lójú gbogbo ilé?"

"Lójú gbogbo ilé."

"Bí ẹ ò bá sí lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

Bámgbóṣé rẹ́rìn-ín. "Ará Ìyàrá ti ń gbẹ́ sàréè fún mi o. Ẹni tó bá jókòó sórí àga yìí lẹ́yìn mi ni yóò fún ọ. Babátọ́pẹ́, o gbọ́?"

Babátọ́pẹ́ ni àbúrò rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ni tẹ́lẹ̀ rí ní Kàbà, ó ti fẹ̀yìn tì. "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n," ló wí, kò sì wo Ernest.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Ernest nígbà náà. Kò láya, kò bímọ. Ohun tó ń wá ní ayé kò ju ẹyin iná kan lọ, a sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún un níwájú ẹni mọ́kànlá.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ní kùtùkùtù, yóò tú iná ilé kìíní, yóò fẹ́ ẹ, yóò fi igi mẹ́ta sí i, yóò fọ ọwọ́ nínú ìkòkò tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí eérú ilé kan má baà bá a wọ ilé kejì. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní igi ìfọnná tirẹ̀. Nígbà tó bá fi tú ìkọkànlá, oòrùn ti gun orí òrùlé. Yóò wá lọ ṣẹ́gi. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìkọkànlá padà sí ìkíní, yóò máa fi eérú bò wọ́n. Láàárín méjèèjì ló ń rí àyè ro oko iṣu rẹ̀, tó ń dí ihò ara ògiri, tó ń pààrọ̀ koríko òrùlé tí atẹ́gùn bá ká. Kò jẹ́ wọ ilé ẹnikẹ́ni láìkí onílé. Bó bá ti tẹ̀ ba lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Ẹ kú ilé o," yóò dárúkọ baálé náà, yóò dúró díẹ̀, yóò wọlé.

Ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n ń wá. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ń ru igi wá fún ilé tirẹ̀, wọ́n ń gbé ọkà bàbà wá fún un. Ní ọdún kejì, ìgbà ìkórè nìkan ni wọ́n yọjú. Ní ọdún kẹta, wọ́n ránṣẹ́ pé wọ́n kí i. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò ránṣẹ́ mọ́. Kò sí ìjà, kò sí ẹ̀sùn. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ lásán ni, bí a ti ń gbàgbé òpó tó gbé ilé dúró.

Cecilia ló pẹ́ jù. Opó ni, ilé kẹfà sì ni ilé ọkọ rẹ̀. Igi irú tó ń ká wà lókè náà, ìyẹn ló ń gbé e wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá ti gòkè tán, tó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò ní dákẹ́ mọ́.

"Okun o, ọkọ ilé mọ́kànlá," ni yóò fi kí i.

"Okun o, ìyá."

"Ìyàwó mọ́kànlá, kò sí èyí tó gbé ìkòkò ka iná fún ọ nínú wọn. O fẹ́ wọn gbé ni."

"Tìrẹ ló le jù. Igi tí mo fi sí i lánàá, ó ti jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́."

"Ó jọ ọkọ mi nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ mí tán." Yóò rẹ́rìn-ín, yóò tú ìdì aṣọ: iyọ̀, ọṣẹ, ẹja gbígbẹ díẹ̀. "Sọ̀kalẹ̀ wá lọ́jọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo, Ará Ìyàrá. Jókòó láàárín ènìyàn. Ohùn rẹ ti ń dà bí ilẹ̀kùn tí a kì í ṣí."

"Ta ni yóò tú iná àárọ̀?"

"Iná kì í kú láàárọ̀ kan."

"Àárọ̀ kan náà ló máa ń kú."

Ní ọdún 1977, ọmọ Cecilia obìnrin bímọ ní Kàdúná, ó sì wá mú ìyá rẹ̀ lọ láti bá a tọ́jú ọmọ. Cecilia gòkè wá dágbére. Ó ní òun yóò padà kí òjò tó dé. Ó gba ibi iná ilé rẹ̀ kọjá, ó wò ó, kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan lọ́jọ́ náà. Òjò dé, kò padà. Òjò ọdún kejì dé.

Ọdún tí Cecilia lọ náà ni Bámgbóṣé kú. Kò sẹ́ni tó gòkè wá sọ fún Ernest. Ó wà lórí òrùlé ilé kẹrin tó gbọ́ ìbọn láti ọ̀nà títì, ọ̀kan, òmíràn, títí dé méje. Ó mọ̀ pé a kì í yin ìbọn méje fún ẹlòmíràn lẹ́yìn baálẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. Ó jókòó. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó dìde, ó lọ kí Bámgbóṣé lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe rẹ̀, ó wọlé, ó fi eérú bo iná. Ọjọ́ kẹjọ ni ọdẹ kan tó ń kọjá tó sọ fún un, bí ẹni sọ nǹkan tí gbogbo ayé ti mọ̀.

Ní ọdún 1978, ọjọ́ mọ́kàndínlógún kọjá tí kò bá ènìyàn kankan sọ̀rọ̀. Ó mọ iye rẹ̀ nítorí pé ó kà á. Ní ọjọ́ ogún, obìnrin Fúlàní kan béèrè ọ̀nà odò lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì tètè jáde. Obìnrin náà rò pé odi ni. Ernest fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún un, obìnrin náà sì fi ọwọ́ dúpẹ́.

Oṣù kejì ọdún 1979 ni Babátọ́pẹ́ gun òkè. Òun ni baálẹ̀ báyìí. Baálé méjì tẹ̀ lé e, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ernest gbé àpótí fún wọn, ó bu omi. Babátọ́pẹ́ wo ògiri àkódì, ó gbá a pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́.

"Ó dúró," ló wí. "O ṣeun. Ọ̀tunla ni wọ́n ń bọ̀."

"Àwọn ará Ìlọrin?"

"Akọ̀wé kan, pẹ̀lú kámẹ́rà. Yóò wọn ilé, yóò ya àwòrán, yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà." Ó fi ìka tọ́ka sókè, síbi tí èéfín ti ń jáde lára òrùlé mọ́kànlá. "Èyí kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀."

Ernest kò lóye.

"Nígbà tí a ń tọrọ omi ẹ̀rọ," ni Babátọ́pẹ́ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti akọ̀wé kóòtù tó ń ka ìdájọ́, "a kọ̀wé sí wọn pé kò ku ẹnì kan mọ́ lókè. Òun ni wọ́n fi fọwọ́ sí i. Wọn kò tíì gbé ẹ̀rọ náà dé. Bí wọ́n bá rí èéfín, wọ́n á ní òpùrọ́ ni wá, wọ́n á gbé omi wa fún ẹlòmíràn. Pa wọ́n."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Baálẹ̀, iná tí kò kú rí ni o."

"Iná ni. Bí wọ́n bá lọ tán, a ó tún un dá."

"Kí la ó fi dá a?"

Ọ̀kan nínú àwọn baálé náà wúkọ́. Babátọ́pẹ́ wo oòrùn. "Ará Ìyàrá, ṣé o fẹ́ kí wọ́n kọ àwọn ilé yìí àbí o ò fẹ́?"

Ó fẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ bíi tirẹ̀ láyé. "Ẹyin iná tí Baba ṣèlérí fún mi ńkọ́?"

"Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Mi ò tíì ya adití."

"Ààrò wo la ó ti bù ú, bí gbogbo rẹ̀ bá kú?"

"O ti ń béèrè ìbéèrè jù," ni Babátọ́pẹ́ wí, ó sì dìde. "Lọ́jọ́ náà, gbé ẹní rẹ àti ìkòkò rẹ, kó o wà lóko. Má jẹ́ kí wọ́n rí ọ."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ernest pọn omi. Ó kí baálé kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó wọlé, ó da omi sí iná. Ilé mẹ́wàá ló ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Èéfín funfun kún inú yàrá, ó sì lọ. Ìkọkànlá ni ti Bámgbóṣé. Ibẹ̀ ló ti jókòó ti ààrò, igbá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó lè fi àpáàdì bu ẹyin iná kan. Ó lè fi eérú bò ó, kó gbé e lọ sí oko. Ọjọ́ mẹ́ta yóò wà láàyè, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin iná tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù, olè ló jà, kì í ṣe ọmọ ìlú. Òfin wọn ni. Àwọn tó ni òfin ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Òun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ló kù tó ń pa á mọ́. Ó mọ̀ dájú pé ohun tí òun ti ń dúró dè láti ọdún 1946 ló wà nínú ààrò yẹn, pé bí òun bá da omi sí i, kò sí òmíràn mọ́.

Ó da omi sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ pe èyí ní ìwà rere, kó pè é bẹ́ẹ̀. Ìgbọràn ni, ìgbọràn sì máa ń dára lójú ẹni tí a ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Nígbà tí ọ̀tunla náà pé, kò lọ sí oko. Ó gbé ẹní àti ìkòkò rẹ̀ lọ sẹ́yìn ògiri ilé keje, níbi tí igi òrí pọ̀ sí, ó sì jókòó. Ó gbọ́ ìró Landrófà nísàlẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀, ó gbọ́ àwọn baálé tí wọ́n ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gùn ún dé òkè. Agbádá ni wọ́n wọ̀. Akọ̀wé náà kéré ní ọjọ́ orí, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wọn ìnípọn ògiri, ó wọn ẹnu ọ̀nà, ó béèrè ìdí tó fi rẹlẹ̀, ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí baálé kọ̀ọ̀kan dúró síwájú ilé rẹ̀ fún àwòrán. Mẹ́ta nínú wọn kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara wọn èwo ni tiwọn.

"Ilẹ̀ ilé yìí mọ́ tónítóní," ni akọ̀wé wí. "Ta ló ń tọ́jú ibí?"

"Bí àwọn baba wa ṣe kọ́ ọ nìyẹn, ọmọ mi," ni Babátọ́pẹ́ dáhùn. "Amọ̀ ayé ọjọ́un kì í ṣe ẹgbẹ́ sìmẹ́ǹtì yín."

"Eérú inú ààrò yìí rin, bàbá."

"Àwọn ọdẹ ni. Wọ́n máa ń yáná níbẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó ń gbé ibí rárá?"

"Kò sẹ́nì kankan. Láti ọdún 1974."

Akọ̀wé kọ ọ́. Ernest gbọ́ bí bébà ṣe ń ṣí. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá ló wà láàárín wọn, àti ògiri kan tí òun fúnra rẹ̀ mọ ìdajì rẹ̀ tún. Ó lè dìde. Kò dìde. Bó bá dìde, wọn yóò fa ìwé náà ya, wọn yóò gbé omi ẹ̀rọ lọ, kò sì ní sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ẹyin iná mọ́ láéláé. Ó ṣì gbà pé wọn yóò bá a sọ ọ́.

Ó dúró dè wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àárọ̀ ń mọ́, kò sí iná tí yóò tú. Ó ń jí ní àkókò tó máa ń jí, yóò sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn yóò fi gòkè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó sọdá odò Ìrápá.

Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Babátọ́pẹ́ ló ti bá wọn. Ọjọ́ Ìsinmi ni, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n kí i dáadáa. Babátọ́pẹ́ ní kí wọ́n bu omi fún un, omi ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ti dé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Tọ́ ọ wò, Ará Ìyàrá. Ìwọ náà bá wa làágùn sí i."

Ó mu ún. Ó gbé ife kalẹ̀. "Baálẹ̀, wọ́n ti kọ ilé tán. Ọ̀rọ̀ ẹyin iná ni mo bá wá."

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní ayé ti yí, ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó nìyẹn. Òmíràn ní kí wọ́n wá igun kan fún un lẹ́yìn ilé ìwé, ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, kó gbin ẹ̀fọ́. Ernest ní òun kò tọrọ igun. Òun tọrọ ohun tí a ṣèlérí rẹ̀.

Babátọ́pẹ́ ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ṣáná, ó ṣá ọ̀kan. Ó nà án sí i. "Gbà. Iná rẹ rèé, lójú gbogbo ilé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà. Ẹ̀rín ẹni tó ti parí ọ̀rọ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni. Ernest wo iná náà títí ó fi jó dé ìka Babátọ́pẹ́, tí ìyẹn sì jù ú sílẹ̀, tó ń gbọn ọwọ́.

"Mo dúpẹ́ omi," ni Ernest wí, ó sì lọ.

Nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ páálí ṣáná kan sí i, pé kó tún iná dá. Ó fi páálí náà sẹ́nu ọ̀nà àkódì, kò ṣí i. Ilé kẹta ló kọ́kọ́ wó, ní oṣù keje. Ernest tó jẹ́ mọlémọlé kò nílò láti dìde lọ wò ó kó tó fi ìró mọ bó ṣe wó: ògiri tó gbẹ máa ń ya, èyí tó rin máa ń jókòó bí ẹni tó rẹ̀. Ilé kẹsàn-án tẹ̀ lé e, àti ìkẹfà, ti Cecilia. Ikán wọ igi àjà àwọn yòókù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, àwọn ará ìsàlẹ̀ gòkè wá, wọ́n yọ àwọn ilẹ̀kùn àti igi tó ṣì dára, wọ́n fi ṣe ọgbà ewúrẹ́. "Okun o, Ará Ìyàrá," ni wọ́n ń wí bí wọ́n bá ń kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó ń dá wọn lóhùn.

Ìwé ìjọba náà jáde ní ọdún 1981. Ilé mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú baálé mọ́kànlá. Ilé mẹ́rin ló ṣì dúró lókè nígbà náà.

Ernest ti kúrò níbẹ̀. Ó ti sọdá odò, ó ti lọ sí etí oko kan tí kì í ṣe ti Òkè-Ìrápá, tí ọkùnrin kan láti Ayewa, ìlú kan nítòsí, yọ̀ǹda fún un. Ó ń mọ ilé níbẹ̀, yàrá kan ṣoṣo, àkọ́kọ́ tó mọ fún ara rẹ̀. Ilé amọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan ní láti dúró nísàlẹ̀ kó ju ìṣù ẹrẹ̀ sókè, ẹnì kejì ní láti wà lórí ògiri kó gbà á. Ernest ń gbé ìṣù ẹrẹ̀ sórí ògiri, á gun àkàbà lọ bá a, á tẹ̀ ẹ́, á tún sọ̀kalẹ̀ wá mú òmíràn. Ìpele kan tí ẹni méjì yóò fi ọjọ́ kan mọ, ọjọ́ mẹ́fà ló ń gbà á. Àwọn tó ń lọ sí oko ń kí i láti ojú ọ̀nà. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni.

Oṣù kẹsàn-án ni ẹni tó ni oko bá a lórí ẹní, ó ti tó ọjọ́ méjì tó ti kú. Ó ránṣẹ́ sí Babátọ́pẹ́. Babátọ́pẹ́ ní ẹni tó kú sórí ilẹ̀ ìlú mìíràn kò sí lọ́wọ́ àwọn, kí wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyàrá. Ní Ìyàrá, àwọn ọmọ ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú tán, àwọn ọmọ wọn kò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ Ernest. Olóko náà sin ín síbi tó ti bá a, nínú yàrá tí kò ní òrùlé. Ògiri rẹ̀ ti dé ìpele kẹta.